Ta Ni Ọkọ̀ Jíjò?

"Èmi ni ọkọ̀ jíjò! Sàrátù, èmi Bàdírátù ni ọkọ̀ jíjò!"

Ohùn ìyá àgbà náà jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé pákó wọn, ó gba orí omi kọjá, ó sì bá àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe ní òdìkejì. Ní Ugbonla, kò sí ògiri tó lè dá ariwo dúró. Orí òpó ni ilé wà, abẹ́ ilé ni omi wà, omi kì í sì í pa àṣírí mọ́. Ohun tí ẹ bá sọ nílé yín, omi á ti rò ó fún ilé kejì kí ẹ tó pa ẹnu dé.

Sàrátù, ọmọ-ọmọ rẹ̀, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé ìjọ, ní ayé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí. Ẹnu ọmọ náà mú bí abẹ, kò sì lọ jìnnà kó tó rí i jogún. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pariwo lé e lórí yìí.

"Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. N kò sọ pé ẹ̀yin ni ọkọ̀ jíjò. Mo ní arúgbó dàbí ọkọ̀ jíjò. 'Dàbí' wà níbẹ̀! Tíṣà wa ní tí 'dàbí' bá ti wà níbẹ̀, àfiwé lásán ni."

"Ó dáa. Ìwọ Sàrátù dàbí ewúrẹ́."

"Ìyá àgbà!"

"Kí ló dé? Ṣebí 'dàbí' wà níbẹ̀? Orí rẹ dàbí ìdí ìkòkò. Ẹsẹ̀ rẹ dàbí ti lékeléke. Ibo lò ń lọ? Dúró, n kò tíì parí, àfiwé lásán ni mò ń ṣe!"

Moríkẹ́, ìyàwó Gàfárù apẹja tí ilé wọn kọjú sí ara wọn, kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. "Ìyá, ẹ̀yin náà ti di tíṣà!"

"Moríkẹ́, púpurú tí o ń rò ń dì kókó lórí iná! Dojú kọ ọ́!"

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ewì kan wà tí àwọn ará etí omi yẹn ń pè ní Ìwakọ̀ Ayé. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wa ọkọ̀ tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, ó sì ní òfin: ibi tí o bá dé láyé ni wàá sọ. Àwọn ọmọdé á sọ ti ọmọdé, ọ̀dọ́ á sọ ti ọ̀dọ́, àwọn tó ti ń gbọ́ bùkátà á sọ tiwọn. Apá tó kẹ́yìn, ti arúgbó, ẹnì kan ṣoṣo tó dàgbà jù láàárín wọn ló ń sọ ọ́, kò sì ní ọ̀rọ̀ tí a lè kọ́ sórí. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ ló máa fi ojú ara rẹ̀ wá àfiwé tirẹ̀. Bàbá Jùbrílù ló ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Bàbá Jùbrílù kú, ó kan Bàdírátù.

Gàfárù ń gbẹ́ ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ lásìkò náà. Láti ìgbà tí Bàdírátù ti gbọ́ ló ti ń wá àfiwé rẹ̀. Bó ń yan ẹja, ẹnu rẹ̀ á máa sọ wúyẹ́wúyẹ́. Bó ń hun ẹní, á dá ọwọ́ dúró, á wo omi títí, á mi orí, á ní, "Kì í ṣe ìyẹn." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn máa ń di arúgbó, kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí kò dára wọlé.

Ilé-ìwé ni gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́.

Tíṣà Lawrence, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Awoye, fẹ́ràn ewì ju oúnjẹ lọ. Ó kọ apá mẹ́ta àkọ́kọ́ sára pátákó, ó sì ní kí àwọn ọmọ kà á sókè:

*Ọmọdé dé bí edé wẹ́wẹ́,*
*ó ń fò síwájú, ó ń fò sẹ́yìn,*
*kò mọ̀ pé inú igèrè lòun wà.*
*Wà á, ọmọ ènìyàn, wà á.*

*Ọ̀dọ́ ni ìgbì òkun,*
*ó ké ramúramù láti ọ̀nà jíjìn,*
*ó dé etíkun, ó dọ̀bálẹ̀ fún iyanrìn.*
*Wà á, ọmọ ènìyàn, wà á.*

*Àgbàlagbà ni òpó abẹ́ ilé,*
*ilé ní, "Gbé mi," omi ní, "Yẹ̀ fún mi,"*
*òpó kò dá ẹnì kankan lóhùn.*
*Wà á, ọmọ ènìyàn, wà á.*

"Ẹ wo ti ọmọdé," ni Tíṣà wí. "'Bí edé.' Ẹni tó sọ ọ́ kò fi ohun tó ń ṣe pamọ́ fún yín. Ó ní ohun méjì ló wà lọ́wọ́ òun, òun sì ń fi ọ̀kan wé èkejì. Àfiwé tààrà nìyẹn. Ti ọ̀dọ́ ńkọ́? Ṣé 'bí' wà níbẹ̀?"

"Rárá, Tíṣà!"

"Ó ní ọ̀dọ́ *ni* ìgbì. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ó ti sọ ọ̀dọ́ di omi lójú yín kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn, òun ló sì máa ń dun ènìyàn jù tó bá jẹ́ èébú. Ilé tó ń sọ̀rọ̀ àti omi tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ńkọ́?"

"Ìfohunpènìyàn!" Kọ́lájọ ló dáhùn. Ọ̀rẹ́ Sàrátù ni, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, òun ni ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú ẹ̀rín gbogbo kíláàsì.

"'Wà á, ọmọ ènìyàn, wà á' tó ń padà wá ṣáá ńkọ́?"

"Àwítúnwí!"

"Ó dára. Ìdí tí wọ́n fi ń wí i ní àwítúnwí ni pé ẹni tó bá dákẹ́ wíwa ọkọ̀, omi á gbé e lọ sí ibi tó wu omi." Tíṣà wo ìsàlẹ̀ pátákó tó ṣófo. "Apá kẹrin kì í ṣe tiwa. Ẹ jẹ́ kó wà ní òfìfo bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá àgbà pe Tíṣà síta. Kò tíì rìn jìnnà tí Kọ́lájọ fi fi ìgbọ̀nwọ́ gún Sàrátù níhàá.

"Ìwọ tí ẹnu rẹ mú, kí lo rí sí arúgbó? Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Ẹ kò gbọdọ̀ bi ọmọ Ugbonla bóyá ẹ̀rù ń bà á. Sàrátù gun orí bẹ́ǹṣì. Ó tẹ̀ ẹ̀yìn bí arúgbó, ó fún ojú pọ̀, ó gbọn ọwọ́ gbọ̀ngbọ̀n:

*Arúgbó dàbí ọkọ̀ jíjò:*
*ojú ń jò, imú ń jò, ẹnu ń jò.*
*Ẹ gbé igbá wá, ẹ jẹ́ ká gbọ́n Ìyá!*

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan ṣubú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìyá wo ni, nítorí gbogbo ìlú ló mọ ìyá kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ kì í dákẹ́ omi. Èéfín ẹja ló fà á. Láti ìgbà tí Bàdírátù ti wà ní ọmọge ló ti ń yan ẹja. Èéfín yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì ń fi tọ́ Sàrátù láti ìgbà tí ìyá Sàrátù ti kú. Sàrátù mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ ẹni máa ń dùn ju oyin lọ. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

Ó dé etí àwọn ọmọ kéékèèké. Ní òwúrọ̀ tí ìjà yìí ṣẹlẹ̀, Bàdírátù ń wa ọkọ̀ lọ sí Molutehin láti lọ ta ẹja. Bó ṣe ń gba abẹ́ afárá pákó kọjá, wọ́n to ara wọn sórí afárá bí ẹyẹ: "Ọkọ̀ jíjò ń kọjá o! Ẹ gbé igbá wá!" Ìyá náà bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n sọ fún un. Ó yí ọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú gbogbo ẹja rẹ̀.

Ìdí tó fi ń pariwo nìyẹn. Nígbà tó pariwo tán, ó jókòó sórí àpótí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá ba Sàrátù.

"Nígbà tí àwọn ènìyàn wa ní kí ọmọ Mùsùlùmí má lọ sí ilé-ìwé ìjọ, ta ló bá wọn jà?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá àgbà."

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí o lọ kọ́ ọ̀rọ̀. O ti kọ́ ọ. Èébú kọ́ ló dùn mí, Sàrátù. Wọ́n ti bú mi rí, mo sì ti bú wọn padà. Ohun tó dùn mí ni pé èmi gan-an ti ń wá orúkọ tí n ó pe ọjọ́ ogbó mi, kí n tó rí i, ìwọ ti lọ bá mi sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ó tán. Mo ti gbọ́ tèmi. N kò tún ní sọ òmíràn."

Ibi tí ó yẹ kí ọmọ kúnlẹ̀ nìyẹn. Sàrátù kò kúnlẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àfiwé ni, pé Ìyá á gbàgbé tó bá di ọ̀la. Bí ìgbéraga bá jẹ́ ẹja, àwọ̀n kankan kì bá gba ti ọmọ yìí.

Ọ̀la dé, Ìyá kò gbàgbé. Ọjọ́ tí Gàfárù gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sétí omi dé. Gbogbo àdúgbò pé. Àwọn ọmọdé sọ ti edé. Sàrátù, Kọ́lájọ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ ti ìgbì. Gàfárù, Moríkẹ́ àti àwọn bí irú wọn sọ ti òpó. Gbogbo ojú yí sí Bàdírátù.

Ó káwọ́ gbera. "Kí lẹ̀ ń wò? Ṣebí wọ́n ti sọ tèmi fún yín. Ọmọ ọwọ́ gan-an mọ̀ ọ́n."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Gàfárù bẹ̀ ẹ́. "Ọkọ̀ mi ló wà lórí ilẹ̀ yìí."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ṣé kò jò?"

Gàfárù bẹ̀ títí, kò gbà. Níkẹyìn ó so ọkọ̀ náà mọ́ òpó abẹ́ ilé rẹ̀. Ó ní òun kò ní wa ọkọ̀ tí a kò sọ ewì rẹ̀ parí. Ọkọ̀ ògbólógbòó tó ní tẹ́lẹ̀ ló tún gbé lọ sójú òkun, Moríkẹ́ kò sì rẹ́rìn-ín sí Sàrátù mọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí Sàrátù bá ṣí fèrèsé, ọkọ̀ tuntun ni yóò kọ́kọ́ rí, inú rẹ̀ gbẹ, ó ń dán, kò lọ síbì kankan. Bàdírátù pàápàá kò jáde mọ́. Ẹlòmíràn ló ń bá a gbé ẹja rẹ̀ lọ sí Molutehin. Ilé dákẹ́. Ọmọ tí wọ́n ti ń bú tìfẹ́tìfẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó tún pè é ní ewúrẹ́.

Ó lọ bá Tíṣà Lawrence. "Tíṣà, ẹ bá mi pa á rẹ́."

"Kí ni kí n pa rẹ́? Ohun tó wà lára pátákó ni aṣọ ń nù. Ẹnu ọmọ mélòó ni mo fẹ́ nù?" Tíṣà wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é. "Àfiwé náà kò burú bí ọ̀rọ̀, Sàrátù. Ohun tó burú ni pé ọkọ̀ nìkan lo wò. O kò wo ẹni tí o fi wé e. Ẹni tó bá ń ju ìwọ̀ sómi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀yìn, kó má lọ fi kọ́ ojú ẹni tó jókòó tì í."

Ó kù díẹ̀ kó di ọjọ́ Ẹ́mpáyà, ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé máa ń yan fún òyìnbó, tí wọ́n á sì jẹ bisikíìtì. Tíṣà ti yan Sàrátù pé òun ni yóò sọ Ìwakọ̀ Ayé níwájú àwọn òbí. Kọ́lájọ àti àwọn yòókù yí i ká.

"Tí o bá dé ìparí, fi ti ọkọ̀ jíjò kún un. Àwa á gbè é: 'Ẹ gbé igbá wá!' Gbogbo pápá á wó!"

"N kò sọ ọ́ mọ́."

"Háà! Ìyá arúgbó kan kígbe mọ́ ọ, ẹnu rẹ ti kú? Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará, Sàrátù ti di edé!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó dákẹ́, wọ́n sì rò pé ó ti gbà.

Ọjọ́ náà pé, ọkọ̀ kún etí omi ilé-ìwé. Sàrátù jáde síwájú. Ẹni àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ bá ni Bàdírátù! Ó jókòó níwájú pátápátá, ó wé gèlè tí kì í wé, ó fọwọ́ lẹ́rán, omi ojú rẹ̀ sì ń ṣàn bó ṣe máa ń ṣàn. Kò wá yẹ́ ẹnikẹ́ni sí. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ bú òun ní gbangba, ó sì ti di èébú sẹ́nu wá.

Sàrátù sọ ti ọmọdé. Ó sọ ti ọ̀dọ́. Ohùn rẹ̀ dára, òyìnbó tí kò gbọ́ èdè pàápàá ń mi orí. Ó sọ ti òpó. Lẹ́yìn rẹ̀, Kọ́lájọ ti ń wú ikọ́, àwọn yòókù ti ń mí sínú láti kígbe.

"Ibi tí mo lè sọ dé nìyẹn," ni Sàrátù wí.

"Parí ẹ̀!" Kọ́lájọ sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Sàrátù, parí ẹ̀, ojo!"

"N kò lè parí ẹ̀. N kò tíì dé ibẹ̀." Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, níwájú òyìnbó, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, níwájú gbogbo Ugbonla. "Ẹni tó ni ín jókòó síwájú mi yìí. Mo bú u ní ilé-ìwé kí ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo sì fi 'dàbí' bo ojú èébú mi. Ìyá àgbà, ẹ̀yin ni mo bú. Ẹ má bínú. Ẹ gba ọ̀rọ̀ yín padà lọ́wọ́ mi."

Ẹnu ya Bàdírátù. Ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ wò bí ọmọ yìí ṣe ṣe mí! Èébú tí mo ti ń tò láti ìjẹta, tí mo tò dáadáa, ti bàbá ti ìyá, ó ti bà á jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu!" Ó nu ojú. "Dìde, ewúrẹ́. Iyanrìn á wọ aṣọ rẹ."

Pápá rẹ́rìn-ín. Sàrátù dìde, ó sì ń sunkún.

"Ó dáa," ni Bàdírátù wí, "mo ti rí tèmi."

"Ẹ má tíì sọ ọ́!" Gàfárù fò dìde láàárín èrò. "Ìyá, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ pa á mọ́ ẹnu! Ẹ jẹ́ kí n lọ tú ọkọ̀ mi wá!"

Ó sáré. Wọ́n dúró dè é, àti tíṣà àti òyìnbó, títí tó fi wa ọkọ̀ ògbólógbòó dé, tó ń fa tuntun tẹ̀ lé e, tó ń làágùn. Gbogbo ènìyàn sún mọ́ etí omi. Bàdírátù gbé ọwọ́ lé imú ọkọ̀ tuntun náà, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀:

*Arúgbó ni èbúté.*
*Ọkọ̀ ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sunkún.*
*Ọkọ̀ ń gbàgbé rẹ̀, kò bínú.*
*Ìjì dé, gbogbo ọkọ̀ rántí ọ̀nà.*
*Wà á, ọmọ ènìyàn, wà á wálé.*

Moríkẹ́ fi etí aṣọ bo ojú. Tíṣà Lawrence ń fi ètè sọ ọ́ tẹ̀ lé e kó má baà gbàgbé. Sàrátù di apá ìyá àgbà rẹ̀ mú.

Ìgbà yẹn ni Kọ́lájọ, tí ojú ń tì pé kò rí ẹ̀rín rẹ́, kígbe láti ẹ̀yìn: "Ó ní èbúté kì í sunkún! Ẹ wo ojú rẹ̀, èbúté ń jò o!"

Àwọn ọmọ bíi mélòó kan rẹ́rìn-ín. Sàrátù yí padà fùù, ó la ẹnu.

"Pa á dé," ni Bàdírátù wí. "Èmi ni wọ́n bú." Ó kọjú sí èrò. "Kọ́lájọ ọmọ Adétutù, bọ́ síwájú kí n rí ọ dáadáa. Ọdún tí àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, ta ló gbà ọ́? Mo ń gbé ìwọ àti Sàrátù lọ sí Awoye lọ́jọ́ kan, mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, mo fi ọ̀já gbé òun sáyà, mo sì ń wa ọkọ̀. A kò tíì dé àárín odò tí ẹ̀yin méjèèjì fi jò sí mi lára, òun níwájú, ìwọ lẹ́yìn, aṣọ mi rin láti ọrùn dé ìbàdí. N kò pè yín ní nǹkan kan. Mo nù yín, mo sì tún yín pọ̀n."